Kọ̀ǹpútà ti jí, mọ́nítọ̀ kọ̀ kò jí: ẹ má tíì gbé e lọ sí Challenge

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí owó tèmi ṣe lọ. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Tánkẹ̀ ní Ìlọrin, lápá Òkè Odó, bánnà wòlímọ̀, káàdì ìgbéyàwó, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn ọmọ Unilorin, gbogbo ẹ̀ ni mò ń ṣe, láptọ́ọ̀pù kan ni mo fi ń ṣe é pẹ̀lú mọ́nítọ̀ ńlá kan tí mo rà ní tokunbọ̀, torí ojú láptọ́ọ̀pù kéré jù fún bánnà. Lọ́jọ́ kan mo dìde lọ kírun Aláásárì, mi ò pẹ́ rárá, ìgbà tí mo padà dé mo tẹ kíìbọ́ọ̀dù, láptọ́ọ̀pù jí, mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri. Mo tẹ bọ́tìnì ẹ̀, iná ẹ̀ tàn díẹ̀, ó tún padà sùn. Mo gbá a lẹ́yìn, ẹ má rẹ́rìn-ín, gbogbo wa la máa ń gbá a, kò dá mi lóhùn. Kọ́sítọ́mà sì ti jókòó tì mí, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ta bánnà mọ́ ògiri. Bí mo ṣe yọ wáyà ẹ̀ nìyẹn, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo gbé mọ́nítọ̀ lé itan bí ọmọ tuntun, ó di Challenge, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹnjiníà gbà á lọ́wọ́ mi, ó ki wáyà iná bọ̀ ọ́, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tiẹ̀, ojú ẹ̀ là kedere. Ó wò mí, mo wò ó. Ó ní kí n san owó àyẹ̀wò. Mo san.

Ó di ìgbà tó ṣe mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta kó tó yé mi pé ẹnjiníà yẹn ò ṣe nǹkankan. Yíyọ tí mo yọ wáyà iná ẹ̀, tí mo wá gbé e jókòó nínú kẹ̀kẹ́ títí a fi dé Challenge, òun gan-an loògùn ẹ̀. Owó kẹ̀kẹ́ ló wò ó sàn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Kì í ṣe àwòrán nìkan ló ń gba inú wáyà tó so kọ̀ǹpútà mọ́ mọ́nítọ̀ kọjá, kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ sùn, á dáwọ́ àwòrán dúró, mọ́nítọ̀ á retí díẹ̀, á rí i pé kò sóhun tó ń bọ̀, òun náà á sùn. Tí ẹ bá wá jí kọ̀ǹpútà, á kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan wà ní òdìkejì wáyà. Nínú HDMI, ìyẹn wáyà àwòrán tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa, ẹsẹ̀ 19, ọ̀kan nínú àwọn irin kéékèèké ẹnu ẹ̀, ni iṣẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó kàn ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé mo wà ńbí ni. Tí mọ́nítọ̀ bá wá sùn fọnfọn jù, kò ní dáhùn, kọ̀ǹpútà á ní kò sẹ́nìkankan níbẹ̀, kò ní rán àwòrán. Mọ́nítọ̀ náà á ní kò sẹ́ni tó pe òun, kò ní jí. Ẹ ti rí ìyàwó ilé méjì tó ń bínú síra wọn nínú agboolé rí, tí oníkálùkù ń retí kí ẹnì kejì kọ́kọ́ kí òun, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, ilẹ̀ á ṣú bá wọn níbẹ̀.

Torí náà ẹ má kọ́kọ́ bèèrè pé kí ló bàjẹ́. Ẹ bèèrè pé ta ló ń sùn. Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó sùn

Ẹ tẹ Caps Lock lórí kíìbọ́ọ̀dù kí ẹ máa wo iná kékeré ẹ̀. Tó bá ń tàn tó ń kú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ti jí, ẹ fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kù sọ́dọ̀ mọ́nítọ̀ àti wáyà. Tí kíìbọ́ọ̀dù yín ò bá ní iná Caps Lock, ẹ tẹ bọ́tìnì fólúùmù kí ẹ gbọ́ bóyá ó máa dún, tàbí kí ẹ ki fíláàṣì kan bọ̀ ọ́, Windows máa ń dún tó bá rí i. Fún ẹni tó ń lo láptọ́ọ̀pù kò le rárá, ojú láptọ́ọ̀pù gan-an á ti fi hàn án. Tí Caps Lock ò bá dáhùn rárá, kọ̀ǹpútà ló ṣì ń sùn: ẹ tẹ bọ́tìnì pawa ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ gbọ́wọ́ kúrò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, torí tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá ó máa kú pátápátá ni, iṣẹ́ tí ẹ ò tíì pamọ́ á bá a lọ.

Àwa tí a wà níbí, ohun kan wà tó yẹ ká fi sọ́kàn tí àwọn tí iná wọn kì í lọ ò ní sọ fún yín. Tí dẹ́sìkìtọ́ọ̀pù bá ń sùn, iná díẹ̀ ló fi ń di iṣẹ́ yín mú nínú RAM, ibi tó ń kó iṣẹ́ sí fún ìgbà díẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ lásìkò yẹn tí kò sì sí UPS, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró tí iná bá lọ, oorun ti parí nìyẹn, ó ti kú. Ẹ̀yin á dé, iná ti padà dé, ẹ máa rò pé ó ń sùn, ẹ máa mi máúsì títí ọwọ́ á fi ro yín. Kì í ṣe pé kò jí, ó ti kú ni, ẹ tàn án. Àǹtí kan pè mí láti Ọ̀fà lórí irú ẹ̀, wọ́n ní mọ́nítọ̀ àwọn ti bàjẹ́, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o mà, ṣé wọ́n mú iná lọ lónìí? Wọ́n ní, ìgbà wo ni wọn ò mú u lọ? Mo ní ẹ tẹ bọ́tìnì ara kọ̀ǹpútà yẹn mà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní ó dàbọ̀.

Iná ara mọ́nítọ̀ náà ń sọ̀rọ̀

Ẹ wo iná kékeré tó wà nísàlẹ̀ mọ́nítọ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ dáadáa. Tí kò bá tàn rárá, iná ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni: ẹ wo ẹkitẹ́ṣàn, ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ti wáyà tó wọ ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ yẹn wọlé dáadáa torí ó máa ń tú díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ èyí tó ní ádápítà ti ara ẹ̀ bíi ti láptọ́ọ̀pù, ẹ gbìyànjú ádápítà mìíì tó bá a mu gẹ́lẹ́, kí fólítéèjì tí wọ́n kọ sára ẹ̀ dọ́gba, 12V sí 12V, 19V sí 19V, kí ámpù ẹ̀ má dín, kí ẹnu ẹ̀ àti àmì pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù ẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ má yá ti ẹlòmíì torí pé ó kàn wọ̀ ọ́.

Tó bá jẹ́ àwọ̀ ọsàn ló ní, tàbí tó ń ṣẹ́jú wẹ́wẹ́, ó ń sùn ni lọ́pọ̀ ìgbà, ara ẹ̀ le. Èyí ló pọ̀ jù, èyí náà ni mò ń kọ̀wé lé lórí.

Tó bá jẹ́ búlúù tàbí funfun, bí iná ẹ̀ ṣe máa ń rí tí iṣẹ́ bá ń lọ, síbẹ̀ tí ojú ẹ̀ dúdú, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, ẹ pa iná yàrá tàbí kí ẹ fa kọ́tìnnì, kí ẹ wá fi tọ́ọ̀ṣì yẹn wo ojú mọ́nítọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi súnmọ́ ọn. Tí ẹ bá rí àwòrán fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ bí òjìji nínú ẹ̀, àwòrán ti dé, iná ẹ̀yìn ẹ̀ ni kò tàn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ oorun mọ́, ọ̀dọ̀ ẹnjiníà ló kàn, gbogbo bọ́tìnì tí mo bá tún dárúkọ nísàlẹ̀ yìí ò lè ṣe é.

Oògùn àkọ́kọ́: gba iná lẹ́nu ẹ̀

Ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bó ṣe jí, ẹ má pa á. Ẹ yọ wáyà iná mọ́nítọ̀ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe kí ẹ fi bọ́tìnì pa á o, bọ́tìnì yẹn ò gba iná kúrò nínú ẹ̀, ó kàn ń sọ fún un kó dákẹ́ ni. Ẹ yọ wáyà àwòrán náà, HDMI ni o, DisplayPort ni o, ohun yòówù tó jẹ́. Ẹ wá tẹ bọ́tìnì pawa mọ́nítọ̀ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 15 báyìí tí kò sí iná lára ẹ̀, kí ìwọ̀nba iná tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ lè tètè tán. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan, tí ẹ bá lè ní sùúrù dé ìṣẹ́jú mẹ́ta ó dáa jù. Ẹ ki wáyà iná padà, ẹ tàn án, tó bá ti kọ No Signal tàbí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sójú, ẹ wá ki wáyà àwòrán padà gbẹ̀yìn.

Mo ní gbẹ̀yìn torí pé tí mọ́nítọ̀ bá ti la ojú tán kí ẹ tó so wáyà, kọ̀ǹpútà á rí i pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, á sì kí i bí àlejò tuntun. Lọ́pọ̀ ìgbà ibí yìí ni ìrìn àjò máa parí sí. Tó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta ló ń ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ máa ṣe é báyìí kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, ẹ má tú Windows palẹ̀ nítorí ẹ̀. Tó bá jẹ́ ojoojúmọ́, ẹ máa kà á lọ.

Bóyá ibòmíì ló ń wò

Mọ́nítọ̀ tó ní ojú wáyà bíi mẹ́ta lẹ́yìn, HDMI méjì àti VGA kan, ojú wáyà àtijọ́ nìyẹn, ká sọ bẹ́ẹ̀, á máa yí ojú káàkiri wá ibi tí àwòrán ti ń bọ̀ tí kọ̀ǹpútà bá ti sùn. Ìgbà míì á lọ dúró sórí VGA tí ẹ ò so nǹkankan mọ́, á sùn síbẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì tí wọ́n kọ Input tàbí Source sí lára, kí ẹ fọwọ́ ara yín mú ibi tí wáyà yín wà. Lẹ́yìn náà ẹ wọ inú mẹ́nù ẹ̀, ẹ wá ibi tó bá ń jẹ́ Auto Source, Auto Input tàbí Auto Select, ẹ pa á. Ìdí mọ́nítọ̀ tèmi nìyí, òun ni mo pa tí mo fi sinmi, ìyẹn lẹ́yìn owó Challenge.

Nínú mẹ́nù yẹn náà ẹ wo Deep Sleep, Power Saving, Eco, orúkọ tí oníkálùkù ń fún un yàtọ̀. Tí Deep Sleep bá wà ní On, ẹ pa á. Ohun tí Deep Sleep ń ṣe ni pé ó ń pa etí mọ́nítọ̀ náà mọ́ ojú, kó má baà jẹ iná, ìdí sì nìyẹn tí kì í gbọ́ tí kọ̀ǹpútà bá pè é. Iná tó máa fi kún un tí ẹ bá pa á kò tó nǹkan. Wàhálà kan ṣá ni pé mọ́nítọ̀ míì ò ní jẹ́ kí ẹ wọ mẹ́nù tí kò bá sí àwòrán tó ń bọ̀, á kàn kọ No Signal á padà sùn. Ẹ so kọ̀ǹpútà mìíì mọ́ ọn, tàbí díkódà tẹlifíṣọ̀n tó bá ní HDMI, kí ẹ fi la ojú ẹ̀, kí ẹ ṣe sẹ́tìn yín, kí ẹ tó dá a padà.

Bọ́tìnì tó yẹ kí ẹ há sórí

Lórí Windows 10 àti 11, ẹ di bọ́tìnì Windows, Ctrl àti Shift mú pa pọ̀, kí ẹ wá tẹ B. Ojú á ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè gbọ́ kó dún pí, ohun tí ẹ ṣe yẹn ni pé ẹ tún dráífà àwòrán, sọ́fítíwìà tó ń darí àwòrán, tàn láìpa kọ̀ǹpútà. Kò ní ti iṣẹ́ yín pa, Word yín á wà níbẹ̀, CorelDRAW yín á wà níbẹ̀. Tí mo bá ní kí n mú ìlà kan ṣoṣo nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fún àbúrò mi, ìlà yìí ni, torí pé ó ti gbà mí lọ́jọ́ tí mo ní bánnà ọlọ́gbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà lójú tí mi ò tíì pamọ́.

Èkejì ni Windows àti P. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí PC screen only, Duplicate, Extend àti Second screen only. Tó bá jẹ́ pé PC screen only ló bọ́ sí, bóyá ọmọdé ló tẹ̀ ẹ́ tàbí ẹ̀yin fúnra yín, mọ́nítọ̀ ò ní rí nǹkankan títí ayé. Ẹ mú Duplicate kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò, tó bá jí, ẹ padà sí Extend. Tí ìyẹn náà ò bá ṣe é, ẹ wọ Settings, System, Display, kí ẹ wá Detect kí ẹ tẹ̀ ẹ́, lórí Windows 11 ó wà lábẹ́ Multiple displays.

Àwọn tó máa ń pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé kí wọ́n máa wo mọ́nítọ̀ nìkan, ẹ wọ Control Panel, Power Options, Choose what closing the lid does, kí ẹ fi sí Do nothing níbi tí wọ́n kọ Plugged in sí. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa jí i, ó máa rí i pé ìdérí wà ní pípadé, ó máa tún sùn, ẹ máa máa bá ara yín fà á. Ẹni tó ń lo Mac náà, tí ìdérí bá wà ní pípadé, ẹ rí i pé ṣájà wà lára ẹ̀. Tí kò bá tún rí mọ́nítọ̀, ẹ ṣí Displays nínú System Settings kí ẹ di Option mú, Detect Displays á yọ jáde. Mi ò ní sọ jùyẹn lọ lórí Mac, Windows ló pọ̀ lọ́wọ́ wa.

Wáyà, ádápítà, àti eruku ọyẹ́

Ẹ̀sùn wáyà ló yẹ kí èèyàn tètè gbọ́, torí òun ló pọ́ọ́kú jù. Ẹ yá HDMI lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ lò ó ní ọjọ́ méjì, tí mọ́nítọ̀ bá ń jí, ẹ ti mọ ibi tó ti wá. Wáyà lè dáa tí kọ̀ǹpútà bá wà lójúfò, kó máa wá ṣe ségesège lásìkò jíjí nìkan, torí ẹsẹ̀ kékeré kan tí kò kàn dáadáa ti tó láti ba ìkíni yẹn jẹ́. Ẹ wo ẹnu ẹ̀ náà. Ọyẹ́ ìlú wa yìí ò ṣeé fojú di, láti December títí wọ February eruku á ti bo gbogbo nǹkan, inú ojú wáyà láptọ́ọ̀pù náà ò gbẹ́yìn. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ rírọ̀ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n nígbà tí gbogbo nǹkan wà ní pípa. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ wà nínú afẹ́fẹ́ ẹnu.

Àwọn tó ń lo ádápítà HDMI sí VGA torí pé mọ́nítọ̀ wọn ti dàgbà, ẹ gbọ́ o, ádápítà yẹn gan-an ń jẹ iná, inú HDMI kọ̀ǹpútà ló ti ń mu ún, 5V tó ń gba ẹsẹ̀ 18 kọjá. Tí kọ̀ǹpútà bá sùn, iná yẹn lè lọ, tó bá padà dé ádápítà lè há. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ ka dé mẹ́wàá, kí ẹ dá a padà. Ádápítà míì ní ojú USB kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ lè fi fún un ní iná kún iná, tí tiyín bá ní i ẹ lò ó.

DisplayPort ní wàhálà tiẹ̀. Ẹsẹ̀ 20 ẹ̀ ń gbé iná 3.3V, fún àwọn ádápítà ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀, wáyà tó lọ tààrà láti kọ̀ǹpútà sí mọ́nítọ̀ kò yẹ kó so ẹsẹ̀ yẹn pọ̀. Àwọn wáyà tí wọn ò ṣe dáadáa máa ń so ó, iná mọ́nítọ̀ á wá máa sá wọnú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á máa ṣe bí ẹni tí wọ́n ṣépè fún, ìgbà míì kò ní tàn títí ẹ ó fi yọ wáyà. Tí DisplayPort yín bá ń ṣe irú ẹ̀, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

USB-C ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo ojú USB-C ló ń gbé àwòrán, tí láptọ́ọ̀pù yín bá ní méjì, ó lè jẹ́ ọ̀kan péré. Ẹni tó sì gba inú dọ́ọ̀kì kọjá, àpótí kékeré tí wọ́n ń so oríṣiríṣi wáyà mọ́ kó tó dé ara láptọ́ọ̀pù, dọ́ọ̀kì náà lè sùn kó má jí, ẹ yọ iná dọ́ọ̀kì pẹ̀lú wáyà tó so mọ́ láptọ́ọ̀pù, ìṣẹ́jú kan, kí ẹ dá a padà. Ẹ so mọ́nítọ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù tààrà lẹ́ẹ̀kan kí ẹ mọ̀ bóyá dọ́ọ̀kì lọ̀daràn.

Inú Windows wá kù

Tí wáyà ò bá jẹ̀bi, tí mẹ́nù mọ́nítọ̀ ò sì jẹ̀bi, ẹ lọ bá dráífà àwòrán. Ẹ fi bọ́tìnì ọwọ́ ọ̀tún máúsì tẹ Start, ẹ mú Device Manager, ẹ ṣí Display adapters, ẹ máa rí Intel, AMD tàbí NVIDIA níbẹ̀. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí Windows ṣe ọ̀pọ̀dééìtì ló bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ Properties, Driver, kí ẹ tẹ Roll Back Driver tó bá ṣeé tẹ̀, kó padà sí ti tẹ́lẹ̀. Tó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, tuntun ni kí ẹ lọ wá, lórí sáìtì ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù yín, ẹ má lọ gbà á lórí sáìtì burúkú kan tó ní òun á bá yín wá gbogbo dráífà lọ́fẹ̀ẹ́, dátà yín á jóná, fáírọ́ọ̀sì lẹ máa kó bọ̀.

Kí ẹ tó ṣe ìyẹn gan-an, ẹ ṣe Restart. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní àwọn ti pa á tí àwọn sì tún tàn án. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Láti ìgbà Windows 8, lọ́dún 2012, ohun kan ti wà tó ń jẹ́ Fast Startup, tí ẹ bá tẹ Shut down kò kú tán, ó ń tọ́jú apá kan Windows àti dráífà sórí díìsìkì kó lè tètè tàn lọ́la, àrùn tó wà lára dráífà lónìí á sì bá a jí lọ́la. Restart ló ń fọ gbogbo ẹ̀ nù. Tí ẹ bá fẹ́ pa Fast Startup pátápátá, ẹ wọ Control Panel, Power Options, Choose what the power buttons do, ẹ tẹ Change settings that are currently unavailable, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú Turn on fast startup, ẹ tẹ Save changes. Ní ojú ìwé yẹn kan náà ẹ máa rí Hibernate, ẹ fi àmì síwájú ẹ̀, mo máa padà wá sórí ẹ̀.

Ẹ tún wọ Power Options, Change plan settings, Change advanced power settings, ẹ wá PCI Express, Link State Power Management, kí ẹ fi sí Off. Káàdì àwòrán ò ní máa tòògbé jù mọ́. Láptọ́ọ̀pù tuntun míì ò ní fi í hàn yín rárá, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Tó bá sì jẹ́ kọ̀ǹpútà gan-an ni kíìbọ́ọ̀dù tàbí máúsì ò lè jí, ẹ padà sínú Device Manager, ẹ ṣí Keyboards tàbí Mice, Properties, Power Management, kí ẹ fi àmì sí Allow this device to wake the computer.

Ohun tí èmi ń ṣe báyìí

Mo kọ oorun fún kọ̀ǹpútà mi. Nínú Settings, System, níbi tí wọ́n ti kọ Power sí, mo fi ojú sí ìṣẹ́jú 10 kó máa kú, mo fi Sleep sí Never tí ó bá wà lórí iná. Ojú ń sùn, kọ̀ǹpútà ń ṣọ́nà, mo bá fọwọ́ kan máúsì, ojú jí. Tí mo bá fẹ́ lọ jìnnà, ká ní mò ń lọ sí Òmù-Àrán kí n tó padà lọ́jọ́ kejì, Hibernate ni mò ń tẹ̀, torí orí díìsìkì ni Hibernate ń kó iṣẹ́ sí, wọn ìbáà mú iná lọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ni màá bá a. Fún ìlú tí iná ò dájú, mi ò mọ ìdí tí èèyàn á fi máa fi dẹ́sìkìtọ́ọ̀pù sínú Sleep láìní UPS.

Tó bá di ti ara mọ́nítọ̀

Mọ́nítọ̀ tokunbọ̀ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níbi tó ti wá kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ rẹ̀ nínú ẹ̀ ni àwọn kàpásítọ̀ inú bọ́ọ̀dù iná, àwọn nǹkan kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́. Àmì tí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n ni pé tó bá ti sùn pẹ́, ní pàtàkì láàárọ̀ ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan tutù, iná ẹ̀ á máa ṣẹ́jú, á tàn á kú, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ bíi mélòó kan kó tó la ojú, àmọ́ tó bá ti móoru tán, ó lè ṣiṣẹ́ títí di alẹ́. Àárẹ̀ ẹ̀ á máa pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìyẹn ò gbọ́ Windows, kò gbọ́ Detect. Ó ṣeé tún ṣe, kàpásítọ̀ kì í ṣe nǹkan ọ̀wọ́n, àmọ́ ẹ má tú u fúnra yín: iná 230V tó wọlé máa ń di bíi 325V nínú bọ́ọ̀dù yẹn, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà.

Tí ẹ bá wá ń gbé e lọ, ẹ má kàn sọ fún ẹnjiníà pé kò tàn, torí ó máa tàn lọ́dọ̀ ẹ̀, ẹ ti rí tèmi. Ẹ sọ pé kò jí lẹ́yìn oorun, ẹ sọ àwọ̀ iná ẹ̀, ẹ sọ iye ìṣẹ́jú tó ti sùn, ẹ sọ pé ẹ ti pààrọ̀ wáyà. Ẹ gbé wáyà yín àti ádápítà yín dání. Kó tó gbowó, kó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà níṣojú yín, kó fi sínú Sleep, kí ẹ jókòó tì í fún ogún ìṣẹ́jú, kó wá jí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ ta tokunbọ̀ fún yín, gbogbo wọn ló máa ń fi àwòrán tó ń dán hàn yín, ẹ ní kó pa ojú ẹ̀ dé kó tún un ṣí.